Gìtá Àkọ́kọ́ fún Ọmọ Wa

Ẹ̀yin baba wa, ẹ̀yin ìjòyè àti ọ̀mọ̀wé ìlú, ẹ gbọ́ ẹjọ́ yìí. Bí ọmọ bá bèèrè gìtá onígi tí kò lo iná, baba a wọ ṣọ́ọ̀bù, a sì mú èyí tí ń dán jùlọ. Kò ní pé oṣù mẹ́ta tí ọmọ yóò fi gbé e kọ́ ògiri. Nígbà náà ni ará ilé yóò wí pé, kò ní ẹ̀bùn orin. Irọ́ ni! Gìtá náà ni kò dára.

Ta ni nínú yín tí yóò ra dùndún láìjẹ́ kí ọmọ Àyàn lù ú wò? Èéṣe tí a fi ń fi ojú lásán ra gìtá? Ẹ mú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta dání. Kí ó wò ó bóyá ọrùn rẹ̀ tọ́. Bí okùn bá fi ju mílímítà 4 lọ ga sókè níbi irin kejìlá tí ó dábùú ọrùn náà, ìyà ni yóò jẹ ìka ọmọ. Okùn ọ̀rá sì rọ ìka titun lọ́rùn ju okùn irin lọ. Ẹ má ra gìtá àgbà fún ọmọ tí apá rẹ̀ kò tíì gùn tó.

Àwọn kan ń wí pé ohun òkèèrè ni, kí a pa á tì. Ṣé wọn kò gbọ́ Ebenezer Obey ni? Ní 1982, àwo Juju Music ti Sunny Adé gbé ohùn gìtá Yorùbá dé etí aráyé.

Nítorí náà, ẹ má fi owó yín ra ìrẹ̀wẹ̀sì fún ọmọ. Ọmọ tí a dá lágara lónìí kò ní kọrin wa lọ́la.