Ọ̀nà kan ò wọjà: ẹ má yọ mágínẹ́tò méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà

Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì la gbé wá lónìí, ẹ́ńjìnnì bàálù kékeré tó ń gbé ènìyàn méjì sí mẹ́rin. Àríyànjiyàn kan wà láàárín àwọn tó ń wà á àti àwọn tó ń tún un ṣe: ṣé kí wọ́n yọ mágínẹ́tò àtijọ́ kúrò, kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìtaná ẹlẹ́tíróníìkì rọ́pò rẹ̀? Àwọn kan ní kí wọ́n yọ méjèèjì dànù. Àwọn mìíràn ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Àwa ò bá ìhà kankan lọ nínú méjèèjì. Ohun tí a rí sí i ni pé kí wọ́n pààrọ̀ ọ̀kan, kí wọ́n fi èkejì sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí rẹ̀.

Ẹni tó bá ti gun Mobilẹ́ẹ̀tì rí ti mọ mágínẹ́tò, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Mobilẹ́ẹ̀tì kò gbọ́kàn lé bátìrì kó tó ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá ti fẹsẹ̀ wà á díẹ̀, ó gbiná. Irin òòfà ló ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà tí wọ́n ká jọ, yíyí yẹn ló sì ń bí iná, bíi dáínámò ara kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ tó ń tan iná ojú ọ̀nà lóru. Irin kékeré méjì tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní pàlàtínì á kanra wọn, wọ́n á tún yà. Bí wọ́n bá ti yà báyìí, iná á ta pàrà lẹ́nu bujì, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní púlọ́ọ̀gì. Àwọn àgbà tó gun Mobilẹ́ẹ̀tì rántí bí a ṣe ń fi pépà yíyún nu pàlàtínì ọ̀hún nígbà tí ó bá dọ̀tí.

Ohun kan náà ló wà nínú bàálù. Ní ọdún 1902, Gottlob Honold, tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Robert Bosch ní Jámánì, ṣe mágínẹ́tò alágbára tó ń ta iná lẹ́nu bujì. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903, nígbà tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Wright kọ́kọ́ fò ní Amẹ́ríkà, irú mágínẹ́tò kan ló ń dáná fún ẹ́ńjìnnì wọn. Ó ti lé ní ọdún 100 báyìí, àwọn Cessna 172 tó ń lo ẹ́ńjìnnì Lycoming ṣì ń fi mágínẹ́tò fò.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bàálù kì í lo ẹyọ kan. Sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ní bujì 2. Bí sìlíńdà bá jẹ́ 4, bujì jẹ́ 8. Mágínẹ́tò ọ̀tún ń fún 4 ní iná, ti òsì ń fún 4 yòókù. Bí ọ̀kan bá kú lójú òfúrufú, agbára ẹ́ńjìnnì á dín díẹ̀, ṣùgbọ́n àbẹ̀bẹ̀ iwájú á ṣì máa yí. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ fi ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó gbéra. Á pa ti ọ̀tún, á gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, á tún un tàn, á wá pa ti òsì. Kò sì sí èyí tó ń tọrọ iná lọ́wọ́ bátìrì. Bí gbogbo iná inú bàálù bá kú, tí rédíò kú, tí fìtílà kú, ẹ́ńjìnnì ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Àmọ́ ká má pọ́n mágínẹ́tò kọjá ibi tó yẹ. Pàlàtínì rẹ̀ ń jẹ. Ooru àti ọ̀rinrin ń bà á jẹ́. Àwọn tó ń ṣe é ní kí a tú u yẹ̀ wò ní gbogbo wákàtí 500. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́jẹ́, òòfà rẹ̀ ò yára tó láti ta iná tó le, tó fi jẹ́ pé wọ́n ní láti fi sípíríǹgì kan ràn án lọ́wọ́ láti gbéra. Àkókò tí iná ń ta pẹ̀lú kì í yí padà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Lycoming, nígbà tó bá ku dígírì 25 kí páńkẹ̀rẹ̀ tó yí písítíìnì dé òkè ni iná ń ta, ìbáà jẹ́ pé bàálù ń gòkè pẹ̀lú gbogbo agbára, ìbáà jẹ́ pé ó ti dé òkè réré níbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́. Ó tún ní ewu kan tó ti gbẹ̀mí ènìyàn: bí wáyà tó ń pa á bá já, mágínẹ́tò á wà láàyè nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà lápò awakọ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ yí àbẹ̀bẹ̀ iwájú lè rí i pé ẹ́ńjìnnì gbiná mọ́ òun lọ́wọ́.

Ẹ̀rọ ẹlẹ́tíróníìkì wá dáhùn sí púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí. Kò ní pàlàtínì tó ń jẹ. Iná rẹ̀ le, ó sì pẹ́ ju ti mágínẹ́tò lọ, nítorí náà ẹ́ńjìnnì ń tètè gbéra. Ó mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára tó, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì mọ bí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ṣe pọ̀ tó, á wá yan àkókò tó yẹ kí iná ta. Lókè, níbi tí awakọ̀ ti lè dín epo kù, èyí ń jẹ́ kí epo díẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó pọ̀. Ẹni tó bá sọ pé èyí kì í ṣe ìtẹ̀síwájú, kò tíì ra epo bàálù rí.

Kí ló wá dé tí a ní kí wọ́n má yọ méjèèjì? Ìbéèrè kan ṣoṣo ni: níbo ni ẹ̀rọ tuntun yìí ti ń rí iná jẹ? Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọ̀dọ̀ bátìrì bàálù ni. Ẹ wò ó báyìí. Awakọ̀ wà lókè igbó, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná kú. Bí ó bá jẹ́ mágínẹ́tò ló ní, á pa iná gbogbo, á máa fò lọ títí yóò fi rí ibi tó dára láti balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ ìtaná méjèèjì bá ń jẹ lára bátìrì kan náà, bí bátìrì bá ṣe ń rẹ̀ ni ẹ̀mí ẹ́ńjìnnì ń lọ. Ó ń pe ara rẹ̀ ní méjì, ẹyọ kan ni. Méjì tó bá ń mu omi nínú ìkòkò kan, ọjọ́ tí ìkòkò bá fọ́, òùngbẹ á gbẹ àwọn méjèèjì.

Àwọn kan á ní, “A ó fi bátìrì kejì sí i.” Ó dára, a gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ẹlẹ́tíróníìkì tí bátìrì kejì ò sí lẹ́yìn rẹ̀, ìgbéraga ni. Ṣùgbọ́n bátìrì tí a kì í lò lójoojúmọ́ ni a máa ń gbàgbé. Ta ni yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò? Ta ni yóò pààrọ̀ rẹ̀ kó tó gbó? Bátìrì kejì tó ti kú láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn kò yàtọ̀ sí òkúta nínú bàálù.

Ká sọ òtítọ́, kì í ṣe gbogbo ẹlẹ́tíróníìkì ló ń tọrọ iná. Rotax 912 ti ilẹ̀ Ọ́síríà ní ẹ̀rọ ìtaná ẹlẹ́tíróníìkì méjì, kò sì ní mágínẹ́tò àtijọ́ kankan. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń pèsè iná fún méjèèjì nígbà tó bá ti ń yí. Àwọn kan tí wọ́n ṣe láti rọ́pò mágínẹ́tò náà ní dáínámò kékeré tiwọn nínú. A ò bá irú ìwọ̀nyí jà. Wọ́n kọ́ ọgbọ́n mágínẹ́tò kí wọ́n tó ju pàlàtínì rẹ̀ nù. Ọgbọ́n yẹn, pé kí iná má ti ibòmíràn wá, ni à ń gbèjà, kì í ṣe irin àtijọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, bí mágínẹ́tò méjèèjì bá jẹ́ irú kan náà, ọjọ́ orí kan náà, tí mẹkáníìkì kan náà tún wọn ṣe ní ọjọ́ kan náà, àṣìṣe kan lè pa méjèèjì pọ̀. Ọ̀kan tuntun, ọ̀kan àtijọ́, ohun tó ń pa ọ̀kan kì í sábà pa èkejì. Ohun èlò Electroair tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún ẹ́ńjìnnì Lycoming onísìlíńdà 4, mágínẹ́tò kan ló ń rọ́pò, èkejì dúró síbẹ̀. Ohun tí à ń sọ kì í ṣe àlá tiwa nìkan.

Kí ló kàn wá nínú èyí? Ó kàn wá, torí àwọn ọmọ wa ń kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì, díẹ̀ nínú wọn yóò sì dé ìdí bàálù. Lórí kẹ̀kẹ́ àwọn zémidjan wa, ẹlẹ́tíróníìkì ti lé pàlàtínì lọ, a ò sì sunkún rẹ̀. Bí iná ò bá ta mọ́, onítọ̀hún á taari kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà, á dúró lábẹ́ igi. Ojú òfúrufú kò ní ẹ̀bá ọ̀nà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ohun tuntun wá pé kí ẹ fi rọ́pò ti àtijọ́, ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta. Níbo ló ti ń rí agbára? Bí ibẹ̀ bá kú, kí ló kù? Ta ni yóò tún un ṣe nítòsí? Bí ìdáhùn bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ pààrọ̀ ọ̀kan. Ẹ fi èkejì sílẹ̀ kó máa ṣọ́ ọ. Kí ni ẹ̀yin náà rí sí i? Ẹ̀yin mẹkáníìkì pàápàá, ẹ bá wa dá sí i.