Ẹ Má Ṣe Jẹ́ Kí Òjò Ṣàn Gba Orí Oko Yín Lọ

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, igbe kan náà ni a ń gbọ́ lẹ́nu yín lọ́dọọdún: òjò kò tó. Òtítọ́ ni pé òjò yín kò pọ̀ tó ti ẹ̀bá òkun. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, èyí tí ó rọ̀ pàápàá, a kì í jẹ́ kí ó wọlẹ̀.

Bí ọyẹ́ bá dé, a ó finá sun igbó, a ó sun pòròpórò àgbàdo àti ti ọkà bàbà. Ilẹ̀ yóò wà ní ìhòòhò. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá lù ú, ojú ilẹ̀ yóò dì, omi yóò sì gbé ọ̀rá ilẹ̀ lọ sínú odò Ògùn. Ẹrẹ̀ oko yín ni ó ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ dáàmù Ìkèrè. Odò kan náà ni Abẹ́òkúta àti Èkó ń bù mu.

Ní IITA, Ìbàdàn, láti ọdún 1970 títí di 1987, Ọ̀mọ̀wé Rattan Lal ṣe ìwádìí lórí ilẹ̀ tí ó dà gẹ̀rẹ́. Ó rí i pé níbi tí a bá fi pòròpórò bo ilẹ̀ tí a kò sì tú u, omi àti erùpẹ̀ tí ń ṣàn lọ kéré jọjọ. Ní Burkina Faso, nígbà ọ̀dá àwọn ọdún 1980, àgbẹ̀ kan, Yacouba Sawadogo, gbẹ́ kòtò kéékèèké, ó da ajílẹ̀ sínú wọn ṣáájú òjò, ilẹ̀ gbígbẹ sì tún so ọkà. Ní 2018 ni ó gba ẹ̀bùn Right Livelihood.

Àwọn kan yóò wí pé iná dín iṣẹ́ kù, àti pé pòròpórò tí a kò bá sun, màlúù ni yóò jẹ ẹ́. Wọn kò purọ́. Àgbẹ̀ kan kò lè dá ọ̀ràn màlúù yanjú. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀, baálẹ̀ àti àwọn darandaran jókòó kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, kí wọ́n fi ẹnu kò lórí oko tí ẹran lè jẹ̀ àti èyí tí kò gbọdọ̀ dé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú éékà kan. Ẹ má sun ún. Ẹ kọ ebè gbọọrọ ní ìbú sí ibi tí ilẹ̀ dà sí, kí poro lè dá omi dúró. Ẹ gbin ẹ̀wà sáàárín àgbàdo kí ewé rẹ̀ lè bo ilẹ̀. Nígbà tí ọ̀dá bá mú, ẹ fi éékà náà wé èyí tí ẹ sun; ohun tí ojú yín bá rí ni kí ẹ tẹ̀lé.