Ọ̀dàn Yewa: Òfin Ti Wà, Ta Ni Yóò Ṣírò Oko Tí Màlúù Jẹ?

Béèyàn bá gba Ayétòrò lọ sí Ìmẹ̀kọ, igbó á máa tán, ọ̀dàn á sì bẹ̀rẹ̀ títí dé ẹnubodè Benin. Bẹẹrẹ àti igi igbá ń hù níbẹ̀. Ọ̀yà àti àparò ń gbé inú rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iná bá ti jó koríko, oko ẹ̀gẹ́ ló máa ń tutù. Ibẹ̀ ni màlúù ń yà sí.

Ní oṣù Kejì ọdún 2021, wọ́n pa èèyàn ní Ẹ̀gùá; àwọn ará abúlé àyíká sá wọ Benin. Lọ́dún náà ni Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún buwọ́ lu òfin tó de fífi màlúù jẹko káàkiri. A fara mọ́ òfin náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí màlúù jẹ oko rẹ̀ lóru, ẹni tí yóò san án ló ń wá láàárọ̀.

Irú ẹjọ́ yìí wà nínú Suuratul-Anbiyaa, ẹsẹ̀ 78: àgùntàn wọ oko lóru. Àwọn onítafsíìrì ní Ànábì Dáwúdù fẹ́ kó ẹran náà fún olóko. Ànábì Sulaimọ́n ní kí olóko máa jẹ àǹfààní wàrà àti irun wọn, kí ẹlẹ́ran máa tún oko ṣe títí yóò fi rí bíi ti tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà kí kálukú gba tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pàdánù ohun ìní rẹ̀.

Ẹlẹ́ran ni wọ́n dá lẹ́jọ́, kì í ṣe ọmọ tó ń dà wọ́n. Ká má tan ara wa: àwọn Àlàájì kan nígboro ló ni lára màlúù yìí.

Kí Baálẹ̀, Lèmọ́mù àti Sẹ́ríkí Fúlàní yan ẹni mẹ́ta ní abúlé kọ̀ọ̀kan, tí yóò dé oko tí ẹran jẹ kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Kí wọ́n yàn wọ́n kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé.