Màmá HID Pé Àádọ́fà Ọdún: Ẹ Kú Oríire, Ọmọ Ìkẹ́nné

Ẹ kú oríire o! Ẹ̀yin ọmọ Ìkẹ́nné nílé lóko, ẹ̀yin ọmọ Awólọ́wọ̀, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń pe Màmá HID ní ìyá yín bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò bí yín, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìnáwó. Ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ló pé 110 ọdún tí wọ́n bí Hannah Ìdòwú Dídéolú. Ọjọ́ náà gan-an ló sì pé ọdún mẹ́wàá tí a sin wọ́n. Ìdí ijó di méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ ó rántí bó ṣe ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2015. Ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún ló ń bọ̀ lọ́nà. Ó ku oṣù méjì ó lé díẹ̀ kí ọjọ́ náà kò, ni Màmá bá dákẹ́ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án. Ọjọ́ tí wọn ì bá fi pé ọgọ́rùn-ún náà ni àwọn ọmọ wá fi sin wọ́n, Ọjọ́rú, 25 oṣù Kọkànlá, ní Ìkẹ́nné tí wọ́n ti bí wọn. Mo ka ìpinnu yẹn sí ọgbọ́n ńlá. Ọ̀tọ̀ ni òkú ọ̀fọ̀, ọ̀tọ̀ ni òkú àgbà. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún tó fi ọmọ, ọmọ-ọmọ àti ọmọ tí àwọn ọmọ-ọmọ bí sáyé lọ, kí ló tún kù bí kò ṣe kí onílù gbé ìlù kọ́ èjìká, kí alásè gbé ìkòkò kaná?

Bí a bá dárúkọ Màmá, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu èèyàn ni pé aya Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni wọ́n. Òótọ́ ni, Màmá fúnra wọn ò sì fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré. Bàbá pàápàá, nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé wọn tó jáde lọ́dún 1960, yin ìyàwó wọn débi pé ọ̀pọ̀ ọkọ tó kà á nígbà náà ni yóò ti gba ilé lọ rèé ro ara rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ àádọ́fà ọdún yìí, ohun tí mo fẹ́ ká fi ki Màmá ni òwò wọn. Oníṣòwò ni Màmá HID. Owó ọjà ló gbé ilé yẹn ró lọ́pọ̀ ìgbà tí ìṣèlú fẹ́ gbé e ṣubú, a kì í sì í sọ ọ́ tó.

Àwọn nìkan ló ṣẹ́kù lọ́mọ fún àwọn òbí wọn, ẹ̀yin náà sì mọ bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí lójú ìyá rẹ̀. Síbẹ̀ wọn ò fi ìkẹ́ bà á jẹ́; wọ́n rán an lọ sí Èkó, sí Methodist Girls' High School, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ṣì gbà pé ìdí ààrò ni ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin. Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 1937, ìyẹn 26 oṣù Kejìlá, ni wọ́n ṣègbéyàwó. Ọkọ tí wọ́n fẹ́ kò tíì di nǹkan kan nígbà náà. Kò pẹ́ tí òwò Bàbá forí ṣánpọ́n, gbèsè dé. Nígbà tó di 1944, Bàbá wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ kọ́ òfin, wọn ò sì dé títí di 1946. Ẹ bi ara yín: ta ló bọ́ àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀ ní Ìbàdàn láàárín ìgbà yẹn? Ìyá wọn ni, pẹ̀lú ọjà tí wọ́n ń tà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ nídìí òwò aṣọ tí Màmá ṣe, torí ẹni tó bá rò pé jíjókòó sí ìsọ̀ lásán ni, kò dé ọjà aṣọ Gbági ní Ìbàdàn rí. Bí ìdì aṣọ bá balẹ̀, ìyá ọlọ́jà á tú u fúnra rẹ̀. Á fọwọ́ ra ojú aṣọ, á fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ fún etí rẹ̀ pọ̀ wò bóyá òwú rẹ̀ ki. Bó bá jẹ́ léèsì, á nà án sójú oòrùn kó lè rí i bóyá ihò iṣẹ́ ọnà rẹ̀ já síra tàbí abẹ́rẹ́ fo ibì kan, nítorí oníbàárà tó bá rí i délé kò ní í padà wá. Lẹ́yìn náà ni wíwọ̀n ní yáàdì, pẹ̀lú èènì díẹ̀ kí inú oníbàárà lè dùn. Àwìn ló wá le jù. Ìyàwó tíṣà fẹ́ aṣọ ìsìnkú bàbá rẹ̀, owó oṣù ò tíì dé; ìyá ọlọ́jà gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ṣeé fi aṣọ lé lọ́wọ́ àti ẹni tí yóò sọ gbèsè di ìjà. Tọ́rọ́ lórí tọ́rọ́, sísì lórí sísì, bẹ́ẹ̀ ni èrè ṣe ń kóra jọ.

Ibi tí Màmá bá òwò yìí dé, kékeré kọ́. Wọ́n wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń kó léèsì wọ Nàìjíríà láti òkè òkun. Lọ́dún 1957, àwọn ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di alágbàtà fún ilé iṣẹ́ Nigerian Tobacco Company. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa: Bàbá ni Olórí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn nígbà náà. Ìyàwó ẹni tó wà nípò bẹ́ẹ̀ ì bá jókòó kó máa gba àlejò, kó máa wẹ gèlè. Màmá ń ka ọjà, wọ́n ń ka owó. Èmi ò mọ ohun ìwúrí tó ju ìyẹn lọ tí ènìyàn lè sọ fún ọmọ-ọmọbìnrin rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọdún tó le dé. Wọ́n mú Bàbá ní 1962 lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba. Ẹjọ́ ò tíì parí nígbà tí Ṣẹ́gun, àkọ́bí wọn, ọ̀dọ́mọdé agbẹjọ́rò, kú nínú ìjàǹbá mọ́tò ní oṣù Keje 1963. Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, adájọ́ rán Bàbá lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá, ó sì di Kàlàbá. Ọkọ ń bẹ lẹ́wọ̀n, ọmọ ń bẹ nílẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ta ni yóò bá a wí? Màmá jáde. Wọ́n dúró fún ọkọ wọn nígbà tí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ẹgbẹ́ òṣèlú Bàbá, àti ẹgbẹ́ NCNC parapọ̀ di UPGA, àdéhùn sì ni pé bí àwọn bá díje tí wọ́n wọlé, wọn yóò yẹ̀ fún Bàbá kí wọ́n lè tún ìbò dì. Ẹni tó bá fojú kéré obìnrin nínú òṣèlú Ìwọ̀ Oòrùn láyé ọjọ́un, kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó bá wọn na ọ̀nà yẹn. Oṣù Kẹjọ 1966 ni Bàbá tó gba ìdásílẹ̀, wọ́n sì bá ilé ní ìdúró.

Ayọ̀ ńlá kan wà nínú ọdún burúkú yẹn tí mi ò ní í fò. Ṣẹ́gun lọ, ó fi oyún sílẹ̀. Lọ́dún 1963 náà ni ọmọ náà dé, ọkùnrin, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ṣẹ́gun. Ọmọ yẹn dàgbà, òun náà kọ́ ìmọ̀ òfin bíi bàbá rẹ̀ àti bàbá àgbà rẹ̀, ó sì di ọ̀gá àjọ ìjọba tó ń rí sí kíkó ọjà Nàìjíríà lọ tà lókè òkun. Ọmọ-ọmọ ìyá ọlọ́jà di ẹni tó ń wá ọjà fún orílẹ̀-èdè! Bí mo bá rántí èyí, ẹ̀rín máa ń bọ́ lẹ́nu mi ni.

Yorùbá ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Nínú ọmọ márùn-ún tí Màmá bí, mẹ́ta ló ṣáájú wọn lọ: Ṣẹ́gun, Àyọ̀délé, àti Olúwọlé tó papò dà ní 2013. Ìyá tó sin ọmọ mẹ́ta! Síbẹ̀, nígbà tó kan Màmá, ọmọ ló sin wọ́n. Ọmọ́tọ́lá Oyèdìran àti Dókítà Olátòkunbọ̀ Awólọ́wọ̀ Dòsùmú wà nílẹ̀ nígbà náà, ogunlọ́gọ̀ ọmọ-ọmọ sì tò lẹ́yìn wọn. Ẹ kú oríire gidi lórí ìyẹn.

Oríire ọmọ-ọmọ náà tún ṣojú Màmá kí wọ́n tó lọ. Dọ̀lápọ̀, ọmọ tí Àyọ̀délé bí, ni ìyàwó Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, ọmọ Ìkẹ́nné bákan náà, tó di Igbákejì Ààrẹ Nàìjíríà ní 29 oṣù Karùn-ún 2015. Lẹ́yìn tí Bàbá papò dà ní 1987, ìloro ilé Ìkẹ́nné ò fìgbà kan dá. Olóṣèlú tó ń wá ipò, ọba tó gun orí ìtẹ́, ọlọ́jà tó fẹ́ kí ìyá súre fún òun, gbogbo wọn ló ń wọlé wá kí Yèyé Oòduà. Iṣẹ́ ò sì tán lọ́wọ́ Yèyé: ìwé ìròyìn Tribune, tí Bàbá dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1949, kò kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ iye ìwé ìròyìn tí ó ti kógbá sílé ní Nàìjíríà láti ìgbà náà yóò mọ̀ pé owó àti ojú ọlọ́jà ló ń tọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dàgbà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ilé gbà wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rin ewùrà kó pọ̀, kí ẹja kún inú ìkọ́kọrẹ́, kí epo rẹ̀ yọ ojú sókè bó ṣe yẹ kó yọ ní Rẹ́mọ. Ẹ wọ léèsì tó dára jù nínú àpótí yín, kó hàn pé ẹ mọ ìyá tí ẹ ń kí. Ẹ̀yin ọmọ kéékèèké tí ẹ dé ayé lẹ́yìn 2015, tí fọ́tò ara ògiri nìkan ni ẹ fi mọ̀ wọ́n, ẹ fọwọ́ fa aṣọ àwọn àgbà, kí ẹ ní kí wọ́n sọ ti ìsọ̀ Màmá fún yín. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà Gbági, Dùgbẹ̀ àti Ṣágámù, ọdún yìí kàn yín ju bí ẹ ti rò lọ. Ẹ ti ìsọ̀ lọ́jọ́ kan, kí ẹ wá bá wa jó.

Ẹ kú àádọ́fà ọdún, ọmọ Màmá. Onílù, ó yá, ẹ má jẹ́ kó tutù!