Kí Ẹ Tó San Owó Kọ́ọ̀sì Tech Yẹn

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí lè bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n mi ò lè dákẹ́ mọ́.

Bẹ́ ẹ bá ṣí status WhatsApp àwọn èèyàn wa ní Peckham yìí, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, ìpolówó kan náà ni: "Fi iṣẹ́ kíà sílẹ̀, wọ inú tech láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò sí coding. Iṣẹ́ dájú." Àwọn kan ń gba ọgọ́rùn-ún mélòó kan pọ́ùn, àwọn mìíràn ń gbà ju ẹgbẹ̀rún lọ. Ta ló ń san án? Ọmọ olówó kọ́ o. Obìnrin tó ń wẹ arúgbó láti alẹ́ di àárọ̀ ni, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ní Rye Lane ni. Mo fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń polówó yìí, iṣẹ́ tí kò sí lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ń tà.

Àwọn àgbà ní ẹni tó máa yáni lẹ́wù, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ẹni tó ní òun máa sọ yín di business analyst, níbo lòun fúnra rẹ̀ ti ń ṣe é? Bó bá jẹ́ pé owó kọ́ọ̀sì nìkan ló ń jẹ, a jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an niṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wo orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lórí Companies House, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ó rí ìgbà tí wọ́n dá a sílẹ̀. Bó bá ní sátífíkéètì òun ní ìfọwọ́sí, ẹ bi í pé ìfọwọ́sí ta ni? Ofqual tó ń ṣàbójútó ìwé ẹ̀rí ní England ní àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò. Ti Cisco, Microsoft àti CompTIA, àwọn agbanisíṣẹ́ mọ̀ wọ́n, olùkọ́ yín kọ́ ló sì ń máàkì ìdánwò wọn. Ṣùgbọ́n ìwé tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ tẹ̀ tó sì fọwọ́ sí, ta ló fìdí rẹmi nínú rẹ̀ rí?

Ẹ jẹ́ ká mú Scrum Master wò. Ìwé tí gbogbo rẹ̀ dúró lé, Scrum Guide tí Ken Schwaber àti Jeff Sutherland kọ, kò tó ojú ewé 15, ọ̀fẹ́ sì ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdánwò PSM I ti Scrum.org, kò pọn dandan kẹ́ ẹ lọ kíláàsì kankan kẹ́ ẹ tó ṣe é. CSM ti Scrum Alliance ló ń béèrè kíláàsì, ọ̀dọ̀ olùkọ́ tí àwọn fúnra wọn fọwọ́ sí sì ni. Ẹni tó wá gba 900 pọ́ùn lọ́wọ́ yín láti ka ìwé ọ̀fẹ́ sí yín létí lórí Zoom, kí ló tà fún yín gan-an?

Wọ́n á ní, "Mẹ́sàn-án nínú akẹ́kọ̀ọ́ wa mẹ́wàá ló ti ríṣẹ́." Ẹ gbọ́ ti BloomTech ní Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ Lambda School tẹ́lẹ̀. Ó ń polówó pé láti 71 dé 86 nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ òun ló ń ríṣẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, CFPB, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà níbẹ̀, ní iye tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ń kà nínú ilé sún mọ́ 50, ó tiẹ̀ lọ sílẹ̀ dé 30 nígbà kan. Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ yá oníbàárà lówó mọ́. Bí ilé-ẹ̀kọ́ ńlá bá lè ṣe báyìí, kí la fẹ́ retí lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ni láti pálọ̀ rẹ̀?

Ẹnì kan á dáhùn pé, "Àbúrò mi ṣe é, ó sì ríṣẹ́." Òótọ́ ni, àwọn kan ríṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún wo? Ọjà 2021 kọ́ la wà yìí. Meta kéde ní oṣù kọkànlá 2022 pé òun ń dá èèyàn 11,000 dúró. Oṣù kìíní 2023, Google ní 12,000. Kódà Andela tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2014, nǹkan bí 400 nínú àwọn ẹnjiníà kékeré rẹ̀ ní Áfíríkà ló dá dúró ní oṣù kẹsàn-án 2019, torí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń wá ẹni tó ti nírìírí. Àwọn yẹn sì kọ́ṣẹ́ fún oṣù gbọọrọ, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Èyí tó burú jù ni "packaging". Wọ́n á kọ ìrírí ọdún mẹ́ta tẹ́ ẹ ò ní sínú CV yín, wọ́n á fi nọ́ńbà ọ̀rẹ́ wọn sí i bí ọ̀gá yín àtijọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Jon Andrewes, òyìnbó ni o, purọ́ nípa dìgírì àti ìrírí rẹ̀ títí ó fi di ọ̀gá hospice kan àti alága NHS trust. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì ní 2017. Ní 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tún ní kí wọ́n gba 96,737 pọ́ùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tí físà yín so mọ́ iṣẹ́ ńkọ́? Orúkọ yín ló wà lórí CV, kì í ṣe ti olùkọ́.

Ẹ ò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ físà lẹ́nu wọn. Láti July 22, 2025, ìpele owó gbogboogbò fún físà Skilled Worker tuntun ti di 41,700 pọ́ùn lọ́dún, ipele dìgírì sì ni wọ́n ń wò, àyàfi àwọn iṣẹ́ tí òfin yọ sọ́tọ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ta ló máa san iyẹn fún un?

Mi ò ní kẹ́ ẹ má kọ́ṣẹ́ o. Ẹ kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́. Ẹ ka ogún ìkéde fún irú iṣẹ́ kan, kẹ́ ẹ kọ ohun tí wọ́n ń béèrè léraléra sílẹ̀. Kọ́ọ̀sì tó bá kọ́ni ní nǹkan wọ̀nyẹn ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ má sì sọ iṣẹ́ àtijọ́ yín nù: ẹni tó ṣe akáùntì ní Ìbàdàn sún mọ́ iṣẹ́ data ju ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lófo lọ; nọ́ọ̀sì mọ ohun tí ètò kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn yẹ kó ṣe. Ẹ fi ti ọ̀fẹ́ dán ara yín wò fún oṣù méjì: CS50 ti Harvard, freeCodeCamp, Cisco Networking Academy. Bí ilé bá ń pariwo, ilé ìkàwé Peckham wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀. Ẹ wo Skills Bootcamps tí ìjọba ń sanwó rẹ̀ fún ẹni ọdún 19 sókè ní England, kò ju ọ̀sẹ̀ 16 lọ. Ẹ kàn rí i pé físà yín bá a mu.

Bẹ́ ẹ bá ní ẹ máa sanwó, ẹ gba àdéhùn lórí ìwé. Bó bá ju 100 pọ́ùn lọ, credit card sàn ju kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹni lọ: lábẹ́ abala 75 Consumer Credit Act 1974, ẹ lè di ilé-iṣẹ́ káàdì náà mú bí olùtajà bá já yín kulẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà á, a jọ ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí kan náà ni. Ẹ kọ ọ́ síta: mélòó ló forúkọ sílẹ̀, mélòó ló parí, mélòó ló ríṣẹ́ láìsí packaging? Bẹ́ ẹ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, èmi fúnra mi á bá yín polówó lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹni tó bá sì ti fẹ́ sanwó lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Ẹ kọ orúkọ kọ́ọ̀sì náà sísàlẹ̀ níbí, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.