Ère, Òfin àti Iṣẹ́ Bàbá

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, ọmọ agbẹ́gilére ní Kétu, bi mí léèrè pé: «Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni iṣẹ́ bàbá mi?» Wọ́n ti ka Ẹ́kísódù orí 20 fún un, níbi tí Ọlọ́run ti fi ère yíyá ṣe èèwọ̀.

Mo ní kí ó kà á síwájú. Ní orí 25, Ọlọ́run kan náà pàṣẹ fún Mósè pé kí ó fi wúrà ṣe kérúbù méjì sórí àpótí ẹ̀rí. Nínú Nọ́ńbà orí 21, ó ní kí ó rọ ejò idẹ, kí ẹni tí ejò bù jẹ lè wò ó, kí ó sì yè. Ṣé Ọlọ́run ń tako ara rẹ̀ ni?

Ìdáhùn wà nínú Àwọn Ọba Kejì orí 18. Ejò idẹ yìí kan náà ni Ọba Hesekáyà fọ́ túútúú, nítorí pé àwọn ènìyàn ti ń sun tùràrí sí i. Idẹ náà kò yí padà. Ojú tí wọ́n fi ń wò ó ni ó yí padà. Ìforíbalẹ̀ fún ère ni òfin náà ń bá wí.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń gbẹ́ wà fún yíyẹ́ àwọn ìyá wa sí. Ṣé ọ̀wọ̀ ni, tàbí ìsìn? Ọkàn wa ni kí a bi. Igi kò lè dáhùn.