Ọ̀dà ni Tàbí Páúdà? Ọ̀rọ̀ Lórí Férémù Alùpùpù Oko

Ní oṣù yìí, lẹ́tà kan tí ó tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti Bukuru ni a fẹ́ fi ojú ìwé wa dáhùn, nítorí a mọ̀ pé ilé tí irú ọ̀rọ̀ náà wà kì í ṣe ẹyọ kan.

Ìyá kan ni ó kọ ọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gba fúríìdọ̀mù lẹ́nu iṣẹ́ mẹ́káníìkì ní ọdún tí ó kọjá. Ìyá sì fi owó èsúsú rẹ̀ ra ògbólógbòó Yamaha DT kan fún un, èyí tí ó ga nílẹ̀, tí táyà rẹ̀ ní èékánná, kí ó lè máa fi ru irúgbìn pòtétò àti ajílẹ̀ lọ fún àwọn àgbẹ̀ ní apá Bokkos àti Mangu. Ọmọ náà ti tú alùpùpù náà palẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n yan férémù rẹ̀ ní páúdà bí wọ́n ti ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù. Wẹ́dà àdúgbò ní kí ó má dààmú ara rẹ̀, kí ó ra agolo ọ̀dà méjì, kí ó fi kùn ún. Ìyá wá béèrè pé: "Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, èwo ni kí n fi owó mi ṣe, tí ọmọ mi kò fi ní ṣubú?"

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ó mú wa jókòó. Ìyá yìí kò béèrè èwo ni ó lẹ́wà jù. Bí ó bá jẹ́ ti ẹwà ni, a kì bá má kọ ju ìlà mẹ́ta lọ, nítorí àwa ará ìdálẹ̀ yìí kì í fi ọ̀rọ̀ dídán ṣeré: ẹlòmíràn tí ó fẹ́ gba ilé lọ fún ọdún yóò kun ọkọ̀ rẹ̀ kí ó tó ra táyà.

Kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí páúdà jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ wa ni ó ń fi ọwọ́ kàn án lójoojúmọ́ láì mọ̀ ọ́n. Àwọ̀ tí ó wà lára ọ̀pọ̀ fèrèsé alumíníọ̀mù àti lára ọ̀pọ̀ fíríìjì òde òní, òun náà ni. Ará Jámánì kan, Erwin Gemmer, ni ó dá ọgbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950: yóò mú irin gbóná, yóò sì rì í bọ inú páúdà tí afẹ́fẹ́ ń rú sókè, páúdà á sì yọ́ mọ́ ọn lára. Láàárín àwọn ọdún 1960 ni ìbọn oníná mànàmáná dé, òun ni wọ́n sì ń lò fún irú iṣẹ́ férémù títí di òní. Wọn á bọ́ férémù sí ìhòòhò, wọn á fi afẹ́fẹ́ tí ó gbé iyanrìn tàbí irin wẹ́wẹ́ fọ́n ọn lára títí irin yóò fi mọ́ tónítóní. Wọn á so ó rọ̀ sórí ìkọ́ tí wáyà rẹ̀ wọ ilẹ̀, ìbọn yóò fi iná sínú páúdà bí ó ti ń jáde, páúdà yóò sì fò mọ́ irin bí ìgbà tí òòfà bá fa abẹ́rẹ́. Láti ibẹ̀, ó di inú ààrò. Nígbà tí irin fúnra rẹ̀ bá ti gbóná tó nǹkan bí 180 sí 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọn á fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi 10 sí 20, páúdà á yọ́, á ṣàn, á sì le. Awọ tí ó máa ń fi sílẹ̀ nípọn tó nǹkan bí 60 sí 100 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún mílímítà kan, tí a bá fi ojú wò ó, bí irun orí kan.

Awọ yìí le, a kò ní bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tí ó dára. Òkúta tí táyà ń ta kì í tètè ṣe é ní nǹkan. Bẹ́tíróòlù tí ó dà sí i lára kì í yọ́ ọ bí ó ti ń yọ́ ọ̀dà agolo olówó pọ́ọ́kú. Ibi tí ọrùn ẹsẹ̀ àti bàtà ti ń ha férémù ní gbogbo ìgbà ni ọ̀dà máa ń kọ́kọ́ ṣí lára irú alùpùpù yìí, páúdà sì máa ń pẹ́ níbẹ̀ ju ọ̀dà lọ. Kí ẹni tí yóò ṣe é sáà béèrè irú páúdà tí wọ́n fẹ́ lò, nítorí èyí tí wọ́n ń pè ní epoxy máa ń ṣá, á sì di ẹfun lára irin bí oòrùn bá ń pa á. Polyester ni ó bá oòrùn wa mu.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó kù sí. Iná mànàmáná kì í fẹ́ wọ kọ̀rọ̀, etí irin ni ó máa ń sáré lọ. Ibi tí ọ̀pá méjì bá ti pàdé ní igun tóóró, bí abẹ́ ọrùn férémù tí wọ́n jó irin pẹlẹbẹ mọ́ kí ó lè lágbára, páúdà lè fẹ́lẹ́ níbẹ̀ bí òṣìṣẹ́ kò bá mọ ìbọn rẹ̀ lò. Ibẹ̀ gan-an sì ni ẹrẹ̀ ń kó sí. Bí iná bá lọ kí férémù tó jinná nínú ààrò, páúdà tí kò jinná kì í le dáadáa, ìgbà tí òkúta bá bà á ni a óò tó mọ̀. Bí awọ náà bá sì ti ya, omi yóò gba ojú ibẹ̀ wọlé. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Omi yẹn á máa jẹ irin lọ lábẹ́, òkè á sì máa dán, títí ọjọ́ tí páúdà yóò fi ṣí bí èèpo ẹyin. Kò sí bí a ó ṣe yọ́ páúdà díẹ̀ lé ojú ọgbẹ́ náà lójú ọ̀nà Bokkos. Ọ̀dà olómi ni a óò padà fi bò ó.

Èyí tí ó kàn wá jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ohun tí àwọ̀ ń bò mọ́lẹ̀. Férémù tí ń ru àpò ajílẹ̀ lórí ọ̀nà oníkòtò kì í ṣàdéédéé kán. Yóò kọ́kọ́ sán tín-ín-rín bí irun, bóyá ní ọrùn, bóyá ní ìdí ibi tí wọ́n de ṣọ́kì mọ́, tàbí ibi tí a ń gbé ẹsẹ̀ lé, tàbí níbi tí kẹ́ríà tí wọ́n di ẹrù sí ju bó ti yẹ lọ ti ń fà á sẹ́yìn. Lójoojúmọ́ ni ìlà náà ń gùn sí i. Lára ọ̀dà tí ó fẹ́lẹ́, yóò máa ké sí ẹni tí ó bá ń fọ alùpùpù rẹ̀: ọ̀dà á là, ìlà pupa ìpáàrà á sì yọ. Páúdà tí ó nípọn lè nà bo ojú ibẹ̀, kí a má sì rí nǹkan kan. Bí ọrùn férémù bá sì já lórí eré, kò sí ọwọ́ tí ó lè darí alùpùpù náà mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún gbogbo ẹni tí ń ra ògbólógbòó alùpùpù pé, bí férémù rẹ̀ bá ń dán ju ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ, kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n kùn ún bò. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

Nítorí náà, kí ọmọ wa tó lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, kí ó ṣe ohun kan tí kò ní ná an ju owó karosín-ìn ìgò kan lọ. Kí ó ha gbogbo ọ̀dà àtijọ́ kúrò ní ọrùn férémù àti ní gbogbo ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀. Kí ó fi karosín-ìn pa ibẹ̀ dáadáa, kí ó fún un láyè kí ó wọ inú irin, kí ó wá fi àkísà gbígbẹ nù ún títí kò fi ní sí òróró lójú rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn èyí, kí ó lọ ẹfun kúnná, kí ó fi pa á fẹ́ẹ́rẹ́. Bí irin bá sán níbẹ̀, karosín-ìn tí ó ti wọ inú rẹ̀ yóò padà fà jáde sínú ẹfun, ìlà dúdú á sì hàn. Ọgbọ́n yìí ni àwọn oníṣẹ́ rélùwéè ìlú òyìnbó fi ń yẹ irin ọkọ̀ ojú irin wò láyé àtijọ́, kò sì tíì di ohun àmúṣeré.

Bí ìlà bá yọ, kí wẹ́dà tí ó mọṣẹ́ lu ihò kékeré sí òpin rẹ̀ kí ó má baà sáré síwájú, kí ó gbẹ́ ojú ibẹ̀, kí ó tó jó o. Bí ó bá jẹ́ pé ọrùn férémù ni ó sán yí ká, kí ìyá gbà pé owó yẹn ti lọ, kí wọ́n wá férémù mìíràn. Ó dùn wá láti kọ ọ́. Owó èsúsú kì í ṣe owó kékeré lọ́wọ́ obìnrin tí ń tajà ní òwúrọ̀ ọyẹ́.

Ní ti ọ̀dà, agolo méjì tí wẹ́dà wí kì í ṣe iṣẹ́. Ẹni tí ó bá kun ọ̀dà sórí ìpáàrà, ìpáàrà ni ó kùn. Kí wọ́n ha férémù dé ojú irin, kí wọ́n nù ún pẹ̀lú tínà, kí wọ́n má sì fi ọwọ́ kàn án mọ́. Kí práímà epoxy tí a ń pò mọ́ hádínà bọ́ sí i lára lọ́jọ́ kan náà, nítorí irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ha lè bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún kí ilẹ̀ tó mọ́ bí afẹ́fẹ́ bá tutù. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà onípò méjì, èyí tí ó ní hádínà tirẹ̀, yóò gun orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta. Òun ni ó lè fara da bẹ́tíróòlù. Òkè Jos ga ju 1,200 mítà lọ, òwúrọ̀ oṣù Kejìlá àti Kìn-ín-ní sì máa ń tutù tó bẹ́ẹ̀ tí hádínà kì í ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí oòrùn bá sì mú, afẹ́fẹ́ á gbé eruku dé. Kí wọ́n fi tapólì ká ibi iṣẹ́, kí wọ́n wọ́n omi sílẹ̀, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ti mú irin lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí wọ́n fi férémù sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó de ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí a yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, nítorí àwọn òbí tí ọmọ wọn ń kọ́ṣẹ́ wà nínú àwọn tí ń ka ìwé yìí. Hádínà inú ọ̀dà onípò méjì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó lè fi ikọ́ ìfée sí ọmọ lára fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Hánkáṣíìfù tí wọ́n ń so mọ́ imú kò lè dá a dúró. Eruku iyanrìn tí wọ́n fi ń fọ́n irin tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ohun tí ó bá ṣe sínú ẹ̀dọ̀fóró kò ní oògùn. Ọ̀gá tí kò bá ra ìbòjú gidi fún ọmọ iṣẹ́, kí òbí lọ bá a sọ̀rọ̀ tòun ti ọ̀wọ̀, kí ó má sì fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Èsì wa sí ìyá Bukuru nìyí. Alùpùpù tí yóò máa ru ẹrù, tí ó ti gbó, tí ó ṣeé ṣe kí wẹ́dà tún fọwọ́ kàn án kí ọdún méjì tó pé, ọ̀dà ni kí ẹ kùn ún. Bí ó bá bó, ọmọ yín á fi sànpépà ha ibẹ̀, á sì tún un kùn ní ọ̀sán kan. Bí ó bá sán, á tètè rí i. Bí wẹ́dà bá fẹ́ jó o, kò ní í máa bá páúdà jà kí ó tó rí irin. Ẹni tí férémù tirẹ̀ ṣì gún régé, tí ń fi gun ọ̀nà eré, tí ó sì wà nítòsí ilé iṣẹ́ tí ó ní ààrò tòótọ́, kí ó yan án ní páúdà, kò ṣàṣìṣe. Àwọn tí ọmọ wọn ní alùpùpù ìdíje tí férémù rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, bí irú èyí tí Honda gbé jáde fún CR250R ti ọdún 1997, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Kì í dógùn-ún bí irin, ooru ààrò tí ó bá pọ̀ jù sì lè dín agbára rẹ̀ kù.

Kí ọmọ náà fi téèpù bo ojú ibi tí bẹ́árìnì ń jókòó sí àti ojú ibi tí bóòtù ẹ́ńjìnnì ń fún mọ́, nítorí awọ tí ó bá wà lábẹ́ bóòtù á fún wọlé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, bóòtù á sì tú. Ibi tí wáyà ilẹ̀ ti ń kan férémù, kí ó ha á dé ojú irin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iná kò ní tàn dáadáa. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ọrùn férémù, kí ọ̀dà ibẹ̀ fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọlọ́pàá yóò lè kà á láì sọ̀kalẹ̀ wá fi ọ̀bẹ ha á. Kí ó sì ya fọ́tò nọ́ńbà náà kí ó tó kun ohunkóhun, kí ìyá fi ọ̀kan pamọ́ pẹ̀lú ìwé tí wọ́n fi ra alùpùpù náà.